Garawa Tó Fi Sílẹ̀ fún Òdòdó: Ọ̀rọ̀ Chiyo-ni, Akéwì Ìlú Mattō

FÚNMI: Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú alẹ́, ìgbàkígbà tí ohùn wa bá bá yín. Èmi Fúnmi ni, láti Leeds. Àbúrò mi Dàpọ̀ wà lórí ìlà láti Houston. Dàpọ̀, ṣé dáadáa lo jí?

DÀPỌ̀: A dúpẹ́ o, Àǹtí Fúnmi. Ẹ kú òtútù. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa, ẹ kú ìjókòó.

FÚNMI: Kí n tó dárúkọ ẹni tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí, fojú inú wo nǹkan kan fún mi. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́. O gba ẹ̀yìnkùlé lọ sídìí kànga, o fẹ́ fa omi tí wàá fi bọ́jú. Bí o ṣe débẹ̀, ìtàkùn kan ti fi gbogbo òru lọ́ mọ́ okùn àti garawa ìfami. Òdòdó rẹ̀ ti là, ìrì ṣì wà lórí rẹ̀. Bí o bá gbé garawa yẹn pẹ́nrẹ́n, ìtàkùn máa já. Kí lo máa ṣe?

DÀPỌ̀: Màá fà á já, Àǹtí. Omi ni mo wá fà. Ìtàkùn á tún hù.

FÚNMI: Èmi náà ìbá fà á já, bí mo bá ń sáré lọ síbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n obìnrin kan wà ní Japan, ó lé ní igba ọdún ó lé àádọ́ta tó ti kú, nínú ewì rẹ̀ kò fà á já. Ó fi garawa sílẹ̀ fún òdòdó, ó kọjá sílé aládùúgbò, ó lọ tọrọ omi. Chiyo-ni lorúkọ rẹ̀. Àwọn mìíràn ń pè é ní Chiyojo, tàbí Kaga no Chiyo, ìyẹn Chiyo ará Kaga.

DÀPỌ̀: Ẹ kà á fún wa ní èdè wọn ná.

FÚNMI: *Asagao ya, tsurube torarete, moraimizu.*

DÀPỌ̀: Ó ti tán?

FÚNMI: Ó ti tán. Ìró 17 péré: márùn-ún, méje, márùn-ún. Asagao lorúkọ òdòdó náà. Tsurube ni garawa ìfami. Torarete, wọ́n ti gbà á mọ́ mi lọ́wọ́. Moraimizu, omi tí èèyàn tọrọ lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

DÀPỌ̀: Ó ku "ya". Ẹ ò túmọ̀ "ya".

FÚNMI: Inú mi dùn pé o bèèrè, torí ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n ewì yìí wà. "Ya" kò ní ìtumọ̀ kan tí o lè dì mú. Bí ìgbà tí èèyàn rí nǹkan tó ní "háà!", tó wá dákẹ́ kó tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Àwọn akéwì wọn ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mélòó kan, "kana" àti "keri" wà lára wọn, iṣẹ́ wọn ni láti gé ewì kí èémí lè wọ ibẹ̀. Nígbà tí ewì garawa kọ́kọ́ jáde, "asagao ni" ni Chiyo kọ, kì í ṣe "asagao ya". "Ni" yẹn ló ń sọ pé òdòdó ló gba garawa. Gbólóhùn kan tó ń sàn lọ tààrà ni: òdòdó gba garawa lọ́wọ́ mi, mo lọ tọrọ omi. Ìròyìn ni. Ó wá di ìgbà tó yá, òun tìkára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ ní "ya". Ìró kan jáde, ìró kan wọlé. Ní báyìí, ó kọ́kọ́ dúró. Ó wo òdòdó. Ẹnu yà á. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó rántí garawa.

DÀPỌ̀: Ó kọ ọ́, gbogbo ayé gbà á, ó sì tún padà lọ tún un ṣe.

FÚNMI: Nítorí ìró kan! Ohun tó mú mi nífẹ̀ẹ́ obìnrin yìí nìyẹn. Ìwọ náà gbọ́ Yorùbá. O mọ̀ pé bí ìró kan bá gòkè díẹ̀, igba lè di igbá mọ́ ọ lẹ́nu. Ẹni tó ń fetí sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ará ilé wa ni, bí a kò tilẹ̀ mọ ojú rẹ̀.

DÀPỌ̀: Òdòdó yẹn ńkọ́? Ṣé a ní in nílé?

FÚNMI: Ṣé o ti rí òdòdó ọ̀dùnkún rí?

DÀPỌ̀: Mo rí i lóko bàbá mi àgbà, ní Ìkirè. Ó funfun lẹ́nu, inú rẹ̀ pupa bí ẹlẹ́sẹ̀ àlùkò. Ó dà bí ẹnu fèrè.

FÚNMI: Ìbátan rẹ̀ gan-an ni asagao. Ìdílé kan náà ni àwọn onímọ̀ ewéko kó àwọn méjèèjì sí. Ṣùgbọ́n àwọn ará Japan kò gbin asagao fún jíjẹ, wọ́n ń gbìn ín fún wíwò. "Asa" ni òwúrọ̀, "kao" ni ojú. Ojú òwúrọ̀. Ó máa ń là ní ìdájí, tí oòrùn bá ti mú, ó ti rọ. Nítorí náà ẹni tó rí i nídìí kànga mọ̀ pé wákàtí díẹ̀ ló kù fún un láyé. Bó bá jẹ́ òdòdó tó ń pẹ́ oṣù kan, o lè ní kó fara dà á. Èyí kò ní ọ̀sán.

DÀPỌ̀: Háà. Ìyẹn yí i padà fún mi pátápátá. Ó lọ tọrọ omi nítorí nǹkan tí kò ní rí ọ̀sán.

FÚNMI: Ní ti ìlànà wọn, ewì gbọ́dọ̀ ní ọ̀rọ̀ kan tó ń sọ àsìkò ọdún. Asagao ń sọ fún ẹni tó mọ̀ pé ìgbà ìwọ́wé ti wọlé. Nítorí náà Chiyo kò ní láti sọ pé "ó di àárọ̀ kan, afẹ́fẹ́ ń tutù." Òdòdó ti sọ ọ́.

DÀPỌ̀: Mo kà níbì kan pé ẹnìkan lára àwọn àgbà wọn bu ẹnu àtẹ́ lu ewì yìí.

FÚNMI: Masaoka Shiki ni. Ọkùnrin ńlá ni, èmi kò ní fojú kéré rẹ̀. Ìparí ọ̀rúndún 19 ló ṣiṣẹ́ rẹ̀, òun ló jẹ́ kí orúkọ náà "haiku" fẹsẹ̀ múlẹ̀. Láyé Chiyo, hokku ni wọ́n ń pè é. Shiki ní moraimizu ló ba ewì náà jẹ́, pé ó ti ṣàlàyé jù, pé kò yẹ kó sọ ohun tó ṣe lẹ́yìn náà. Bí èèyàn bá gbọ́ tirẹ̀, ó lè dà bí òótọ́. Ṣùgbọ́n èmi kò gbà, mi ò ní gbà láé. Bí o bá yọ omi títọrọ kúrò, ohun tó kù ni òdòdó tó rẹwà lórí garawa. Àwòrán ògiri nìyẹn. Omi tí ó lọ tọrọ ló mú aládùúgbò wọnú ewì. Ẹnìkan wà lódìkejì odi tó máa ṣílẹ̀kùn, tó máa wo ọ̀nà kànga wọn, tó máa bèèrè pé "kí ló ṣe kànga yín?" Ó máa ní láti dáhùn. Ọ̀rọ̀ òdòdó máa di ọ̀rọ̀ àárín èèyàn méjì. Obìnrin tó ń fa omi ló lè kọ ọ́, Dàpọ̀. Ẹni tí wọ́n ń bá gbé omi wá sí yàrá kò ní ronú dé ibẹ̀.

DÀPỌ̀: Àǹtí, ẹ má bínú sí Shiki jù o.

FÚNMI: Mi ò bínú sí i, ohun tí mo rí ni mo sọ. Mo gbìyànjú láti fi Yorùbá kọ ewì náà, ní ìró márùn-ún, méje, márùn-ún. Ọ̀sẹ̀ méjì ló gbà mí. Gbọ́:

Ojú òwúrọ̀ —
ó ti gba garawa mi:
mo tọrọ omi.

DÀPỌ̀: Ẹ dúró kí n fi ìka kà á. O, jú, ò, wú, rọ̀. Márùn-ún. Ó, ti, gba, ga, ra, wa, mi. Méje. Mo, tọ, rọ, o, mi. Ó pé! Àǹtí Fúnmi, ó pé géérégé!

FÚNMI: Orúkọ òdòdó yẹn ló gbà mí. Bí mo ṣe túmọ̀ rẹ̀ sí ojú òwúrọ̀, ìró márùn-ún ti dúró fúnra rẹ̀.

DÀPỌ̀: Ó yá, ẹ sọ ìtàn obìnrin náà fún wa. Ọmọ ta ni?

FÚNMI: Ọdún 1703 ni wọ́n bí i, ní Mattō ní agbègbè Kaga, níhà Òkun Japan, ibi tí yìnyín ti máa ń wọ́ sílẹ̀ gan-an nígbà òtútù. Lónìí ìlú Hakusan, ní ìpínlẹ̀ Ishikawa, ló gba Mattō mọ́ra. Ọdún mẹ́sàn-án ṣáájú ìbí rẹ̀, ní 1694, ni Bashō kú, baba ńlá àwọn akéwì yìí. Àwọn ọmọlẹ́yìn Bashō ló tọ́ ìran tí Chiyo wà sọ́nà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ni mo fẹ́ kí a dúró lé díẹ̀. Kì í ṣe ọmọ ọlọ́lá. Iṣẹ́ ọwọ́ ni bàbá rẹ̀ ń ṣe: àwọn ni wọ́n ń gba àwòrán àti ìwé tí wọ́n fi gègé onírun kọ, tí wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà mìíràn, tí wọ́n á fi aṣọ sẹ́dà ká etí rẹ̀, kí ó lè ṣeé ká jọ, kí ó sì ṣeé fi kọ́ ara ògiri.

DÀPỌ̀: Bíi àwọn tó ń ṣe férémù fótò nílé.

FÚNMI: Ó sún mọ́ ọn, àmọ́ tiwọn le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n máa ń po lẹ́ẹ̀ láti ara ìyẹ̀fun àlìkámà, bí ìgbà tí a bá fi ẹ̀kọ lẹ bébà nígbà tí a wà lọ́mọdé. Wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì fẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ. Bébà náà fẹ́lẹ́, bó bá ká kò mọ́ èèyàn lọ́wọ́, tí afẹ́fẹ́ bá há sáàárín, ó wú nìyẹn. Wọ́n á nà án mọ́ pákó títí á fi gbẹ. Ọmọbìnrin tó dàgbà sínú ilé bẹ́ẹ̀, ojoojúmọ́ ló ń rí ewì àwọn ẹlòmíràn lórí tábìlì bàbá rẹ̀. Ó ń rí i pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta lórí bébà funfun lè tó ohun tí wọ́n ń fi sẹ́dà yí ká. Èmi gbà pé ibẹ̀ ló ti kọ́ bí àyè òfìfo ṣe ń sọ̀rọ̀.

DÀPỌ̀: Ìgbà wo ló wá di gbajúmọ̀?

FÚNMI: Ní kékeré. Ní 1719, Kagami Shikō, ọ̀kan lára àwọn ọmọlẹ́yìn Bashō tí orúkọ wọn ròkè jù lọ, gba Kaga kọjá, ó sì yà wò ó. Ọmọ ọdún 17 ni wọ́n ń pè é, torí láyé ìgbà yẹn ọjọ́ tí wọ́n bá bíni ni wọ́n ti ń ka ọdún kan. Shikō kọ lẹ́tà sí ẹlòmíràn pé ọ̀gá àgbà tó yani lẹ́nu ni ọmọ yìí látìbẹ̀rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ tàn láti ibẹ̀.

DÀPỌ̀: Ọmọ ọdún 17.

FÚNMI: Ó rìnrìn àjò dé Kyoto àti Ise láti lọ bá àwọn akéwì jókòó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ikú wọ ilé wọn, òun ni iṣẹ́ ìdílé kù sí lọ́wọ́, gègé sì dákẹ́ díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

DÀPỌ̀: Àǹtí, mo ní ohun kan tí mo fẹ́ sọ. Ewì tí mo kọ́kọ́ fi mọ orúkọ Chiyo kì í ṣe ti garawa. Èyí tó jẹ́ ti lámilámi ni. "Ọmọ mi tó ń lé lámilámi, ibo ló lọ dé lónìí o?" Wọ́n ní ọmọ rẹ̀ ló kú tó fi kọ ọ́. Ọdún tí ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan kú níbí ni mo kà á. Mo jókòó sínú mọ́tò, mi ò lè wa ọkọ̀ lọ.

FÚNMI: Pẹ̀lẹ́, Dàpọ̀. Pẹ̀lẹ́ o. Ewì náà dára, ẹkún rẹ kò ṣòfò. Ṣùgbọ́n mo ní láti sọ òótọ́ fún ọ. Kò sí i nínú àwọn ìwé ewì Chiyo.

DÀPỌ̀: Kò sí i?

FÚNMI: Kò sí i. Àwọn èèyàn ló so ó mọ́ ọn lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó jẹ́ ti àwọ̀n ẹ̀fọn: "Mo dìde wò, mo sùn wò, àwọ̀n ẹ̀fọn yìí mà fẹ̀ o." Wọ́n ní ọkọ rẹ̀ ló kú tó fi kọ ọ́, torí ibùsùn ti fẹ̀ jù fún ẹni kan. Wọ́n ti tẹ ewì yẹn jáde sínú ìwé kí wọ́n tó bí Chiyo! Obìnrin mìíràn, Ukihashi, tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìgbafẹ́ àwọn ọkùnrin, ló ni ín.

DÀPỌ̀: Wọ́n gba ewì lọ́wọ́ obìnrin kan, wọ́n fi wé obìnrin mìíràn lórí.

FÚNMI: O ti sọ ọ́. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Ukihashi pàdánù ewì rẹ̀, bóyá torí iṣẹ́ tó ń ṣe kò bá àwọn tó ń sọ ìtàn lára mu. Chiyo sì jèrè ọ̀fọ̀ tí kò ṣẹ̀. Ní ti ìgbéyàwó rẹ̀ pàápàá, àwọn kan ní ó lọ́kọ ní Kanazawa, tí ọkọ náà sì tètè kú, àwọn mìíràn ní kò lọ́kọ rí. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn fẹ́ kí obìnrin akéwì máa sunkún. Bí kò bá sunkún tó, wọ́n á yá ẹkún wá fún un. Wọn kì í ṣe é fún Bashō. Ìdí tí mo fi fẹ́ ká sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí nìyí, kí a gbé aṣọ ọ̀fọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀ kúrò lọ́rùn rẹ̀, kí a wo ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló wà nínú ewì tó kọ lóòótọ́.

DÀPỌ̀: Ẹ fi hàn mí.

FÚNMI: *Beni saita, kuchi mo wasururu, shimizu kana.* Beni ni àwọ̀ pupa tí àwọn obìnrin fi ń kun ètè. Ara òdòdó kan ni wọ́n ti ń yọ ọ́, owó gidi ni wọ́n sì ń fi rà á. Shimizu ni omi tó ń sun jáde láti inú ilẹ̀, tó mọ́ gaara. Ewì náà ní: ẹnu tí mo kùn ní pupa, mo gbàgbé rẹ̀ nídìí omi tó mọ́ yìí.

DÀPỌ̀: Ó bẹ̀rẹ̀ mu omi, ètè pupa bàjẹ́.

FÚNMI: Ó ti fi àkókò kun ún. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ lójú ọ̀nà, ó rí omi, ó fi ọwọ́ méjèèjì bù ú. Omi tutù kan ètè, gbogbo ohun tó fi jí lọ síwájú dígí láàárọ̀ ti lọ pẹ̀lú omi. Kò ní òun kábàámọ̀. Ó ní "mo gbàgbé." Mo ti wà níbẹ̀ rí, Dàpọ̀. Ọjọ́ ìgbéyàwó àbúrò mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó, a ti fi wákàtí méjì tọ́jú ojú wa, ooru mú, ẹnìkan gbé omi àmù wá. Ẹ wo bí gbogbo wa ṣe gbàgbé ojú.

DÀPỌ̀: Omi àmù! Ẹ má jẹ́ kí àárò ilé sọ mí.

FÚNMI: Èyí tó tún kàn mí jù lọ ni èyí tó kọ ní 1754. Ọdún yẹn ló fá orí rẹ̀, tó gba ẹ̀jẹ́ ẹ̀sìn Búdà. Ẹni ọdún 52 ni, bí wọ́n ṣe ń kà á. Ibẹ̀ ni "ni" ti wọ ìdí orúkọ rẹ̀, Chiyo-ni, torí obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ni "ni" túmọ̀ sí. Orúkọ ẹ̀sìn rẹ̀ ni Soen, ọgbà tí kò lọ́ṣọ̀ọ́. Gbọ́ ohun tó kọ sí i: *Kami o yū, te no hima aite, kotatsu kana.*

DÀPỌ̀: Kí ni kotatsu?

FÚNMI: Tábìlì kékeré tó sún mọ́ ilẹ̀, iná èédú wà nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n á fi aṣọ nínípọn bò ó. Nígbà òtútù, gbogbo ilé á ti ẹsẹ̀ àti ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀. Chiyo ní: ọwọ́ tó ti ń dirun látọjọ́ yìí ti ráyè o, abẹ́ kotatsu ló wà.

DÀPỌ̀: Ìyẹn nìkan? Ó fá orí, ó jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Búdà, ohun tó sì rí sọ ni pé ọwọ́ òun ti ráyè yáná?

FÚNMI: Ṣé o ti dirun rí, Dàpọ̀?

DÀPỌ̀: Rárá, Àǹtí.

FÚNMI: Ìyàwó rẹ ń dirun. Bi í léèrè. Ní Leeds níbí, bí mo bá fẹ́ di kíkó, mo ní láti wá Sátidé kan sọ́tọ̀. Àtìtú, àtifọ̀, àtigbẹ, àtipín in sí ọ̀nà-ọ̀nà. Ní ìdajì ọ̀nà, apá á ti ro, o ò sì lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Irun àwọn obìnrin Japan láyé ìgbà náà pàápàá, wọ́n ń fi òróró àti okùn gbé e dúró sókè ni. Ka ogójì ọdún irun dídì. Ka gbogbo òwúrọ̀ yẹn. Ọjọ́ kan, ó dẹ́kun. Ọwọ́ méjèèjì dìde láàárọ̀, wọ́n fẹ́ lọ síbi orí gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, kò sí nǹkan níbẹ̀ mọ́. Wọ́n wá sọ̀ kalẹ̀ síbi tí ooru wà. Nígbà tí mo gé irun mi lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ alẹ́, mo jí, mo na ọwọ́ sí kóòmù. Mo dúró síwájú dígí, ọwọ́ mi wà lófuurufú.

DÀPỌ̀: Mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Kò sunkún, kò sì yọ̀ jù. Ọwọ́ ló fi sọ gbogbo rẹ̀.

FÚNMI: Fífá orí yẹn kò tì í mọ́lé. Obìnrin tó bá ti jẹ́jẹ̀ẹ́ lè rìn káàkiri, ó lè jókòó láàárín ọkùnrin àti olówó láìsí pé wọ́n ń bi í pé ọmọ ta ni tàbí aya ta ni. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀ wá gbòòrò. Ní 1763, àwọn ikọ̀ ọba Kòríà ń bọ̀ wá kí shogun tuntun, Tokugawa Ieharu, ìyẹn olórí ológun tó ń ṣàkóso Japan. Ẹ̀bùn ńlá-ńlá ni wọ́n ń kó fún irú àlejò bẹ́ẹ̀. Olúwa Kaga, láti ìdílé Maeda, pàṣẹ pé kí Chiyo kọ ewì rẹ̀ fún wọn. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ewì 21: mẹ́fà sórí ìwé ògiri, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sórí abẹ̀bẹ̀.

DÀPỌ̀: Ẹ gbọ́ ná. Ọmọ ẹni tó ń lẹ ìwé àwọn ẹlòmíràn mọ́ sẹ́dà!

FÚNMI: O rí i! Mo ti ń retí kí o rí i. Àwọn bébà tí bàbá rẹ̀ ń fi lẹ́ẹ̀ tọ́jú fún olówó, ìwé tirẹ̀ ni wọ́n wá fi kọ́ ògiri báyìí, ó sì sọdá òkun lọ sí Kòríà. Lọ́dún kejì, 1764, ìwé ewì rẹ̀ jáde, *Chiyo-ni kushū*, ewì tó lé ní 500 wà nínú rẹ̀.

DÀPỌ̀: Ṣé òun ni obìnrin àkọ́kọ́ nídìí iṣẹ́ yìí?

FÚNMI: Rárá o. Den Sutejo ti wà ṣáájú rẹ̀, ìyẹn kú ní 1698. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó odindi ọjọ́ kan, a máa padà sídìí rẹ̀. Jẹ́ kí n fún ọ ní èyí tó máa dùn mọ́ ọ, torí ìwọ lọmọ àgbẹ̀. *Hyakunari ya, tsuru hitosuji no, kokoro yori.* Hyakunari ni irú igbá kan tó máa ń so rẹpẹtẹ lórí ìtàkùn. Orúkọ rẹ̀ gan-an ń sọ pé ó ń so ọgọ́rùn-ún.

DÀPỌ̀: Akèrègbè!

FÚNMI: Ẹbí akèrègbè ni. Ewì náà ní: ọgọ́rùn-ún igbá, láti inú ọkàn ìtàkùn kan ṣoṣo.

DÀPỌ̀: Mo rí i. Ìyá mi àgbà máa ń gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, ó máa ń gun orí òrùlé ilé ìdáná. Igbá á kún orí páànù, o ò ní mọ ibi tí gbogbo rẹ̀ ti wá. Bí o bá fi ọwọ́ tọ ìtàkùn náà láti òkè, o máa sọ̀ kalẹ̀, o máa sọ̀ kalẹ̀, títí wàá fi dé ojú ihò kan péré nínú ilẹ̀, kò ju àtàǹpàkò lọ.

FÚNMI: Dàpọ̀, o ti ṣàlàyé rẹ̀ ju bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ lọ. Mi ò ní fi kún un.

DÀPỌ̀: Èmi ni mo dúpẹ́, Àǹtí. Ó ku bó ṣe parí. Ọdún wo ló kú?

FÚNMI: 1775, ẹni ọdún 73 ní ìkà tiwọn. Tẹ́ńpìlì Shōkōji wà ní Mattō títí di òní, òkúta ìrántí rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìlú Hakusan kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ewì kan ní orúkọ rẹ̀. Àwọn akéwì wọn máa ń kọ ewì ìdágbére kí wọ́n tó kú. Tirẹ̀ ni mo fẹ́ kà kẹ́yìn. *Tsuki mo mite, ware wa kono yo o, kashiku kana.*

DÀPỌ̀: "Tsuki" ni òṣùpá, àbí?

FÚNMI: Òṣùpá ni. Oṣù kẹsàn-án ni nínú kàlẹ́ńdà wọn àtijọ́, ìgbà ìwọ́wé, tí òṣùpá mọ́lẹ̀ jù lọ. Ó ní: mo ti rí òṣùpá pẹ̀lú, èmi sí ayé yìí, "kashiku". Kashiku yìí ni mo fẹ́ kí o gbọ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ikú. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Ọ̀rọ̀ tí àwọn obìnrin fi ń parí lẹ́tà ni. Bí obìnrin bá kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ti sọ gbogbo ohun tó fẹ́ sọ tán, ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ló máa kọ kashiku sí, kó tó ká ìwé náà.

DÀPỌ̀: Ó kọ ayé ní lẹ́tà.

FÚNMI: Ọdún 73, ó sì fi ọ̀wọ̀ kọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí obìnrin gidi ṣe ń ṣe. Mo rántí lẹ́tà ìyá mi, nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Ìlú Ọba, kó tó di pé fóònù wọ́pọ̀. Bébà búlúù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń kọ̀wé sókè òkun. Gbogbo àyè ló máa ń kọ kún, tí yóò tún gba etí bébà lọ, tí màá fi máa yí i bíríbírí kà. Ṣùgbọ́n bó ti wù kí àyè kéré tó, ọ̀rọ̀ kan kì í fò ó.

DÀPỌ̀: Kí ni, Àǹtí?

FÚNMI: "Ó dìgbà."

DÀPỌ̀: Ẹ ṣé, Àǹtí Fúnmi. Ẹ̀yin èèyàn wa, ó dìgbà o.

FÚNMI: Ó dìgbà.